Ọdún Mẹ́rìnlá Tí N Kò Fi Délé: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Nípa Ìrìn Àjò Padà Sílé

Ọdún 2009 ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni mo tó tún tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà dé London, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnìkan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn ìsìn: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ lọ sílé. Kí ni kí n ṣe?" Mo ti dáhùn títí ọ̀fun mi gbẹ, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tèmi, láti Peckham dé Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo mọ̀ dunjú. Ẹni tó ń lọ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, kó fo ibi tí kò bá kàn án.

Ó ti pẹ́ jù, ojú ń tì mí. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ìkẹyìn lẹ máa ń bi mí ní èyí, ẹ ó sì ti rẹ ohùn sílẹ̀. Mo fi ṣe àkọ́kọ́ torí òun gan-an ló dá ọ̀pọ̀ wa dúró ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ a ò ní ìwé ìgbélùú. Nígbà tí ìwé dé, owó ò sí. Nígbà tí owó rọra yọjú, a wá ń rò ó pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá, kí la fẹ́ kó dé iwájú wọn? Bẹ́ẹ̀ lọdún mìíràn tún gorí ẹ̀.

Bàbá mi kú lọ́dún 2018. Ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, bí mo bá jáde mi ò lè wọlé padà. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ẹni tó bí mi, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́, mo gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí ọ̀gá mi má baà gbọ́ ìlù. Ìwé jáde lọ́dún 2020, mo sì tún lo ọdún mẹ́ta kí n tó lọ. Mo ń sọ pé kòrónà ni, mo ń sọ pé iṣẹ́ ni. Ojú ló ń tì mí.

Màmá mi ló já okùn yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àmọ̀kẹ́, mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Wá jẹ́ kí n rí ẹ." Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọjọ́ fún wọn. Bùọ̀dá mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún, títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ọkùnrin á fara dà á, ṣùgbọ́n àgbà tó ti ń ka ọjọ́ lórí ìka kò ní lè sùn.

Ṣé kí n kàn yọ sí wọn lójijì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fídíò?

Rárá o. Àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹni tí à ń fò mọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohun kejì tún wà tí àwọn tó ń ya fídíò kì í rò: ẹni tó ti òkè òkun dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ohun tí àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ sétí ara wọn ni pé, "Àbí wọ́n dá a padà ni?" Ìyá yín ni yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kun ilé, kí wọ́n fi yín yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ tọ́jú?

Ẹ wo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín lónìí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n á béèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba Nàìjíríà, kí wọ́n tó ṣe tuntun fún yín, orúkọ àti ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Èmi tí mo kúrò lọ́dún 2009 kò ní NIN, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, torí ọdún 2014 ni ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà ìjọba, wọn ò tíì bí mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú orúkọ mi gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi.

Ẹ tún wo ti ìhín. Káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìparí ọdún 2024, eVisa orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Tí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ so ó mọ́ àkáǹtì eVisa yín kí ẹ tó kúrò, kí ẹ má baà dúró ní Ìkẹjà lọ́jọ́ ìpadàbọ̀ kí wọ́n ní àwọn ò rí yín. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú ayérayé, tó bá wà lẹ́yìn odi Bìrìtìkó ju ọdún méjì lọ láìpadà, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ti di ọmọ Bìrìtìkó ńkọ́? Bí wọ́n bá bí i ní ọmọ Nàìjíríà, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba ti Nàìjíríà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè mú pásípọ́ọ̀tù méjèèjì dání.

Ọmọ tí mo bí síhìn-ín ńkọ́?

Òfin kan náà sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti di ọmọ Nàìjíríà látinú oyún, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó nìkan kò ní gbé e wọlé láìsí físà. Mo bá ọmọ mi gba ti Nàìjíríà. Ìlà gùn, ìjókòó ò tó, mo mú oúnjẹ dání. Tí ẹ bá ń mú ọmọ lọ láìsí ẹnì kejì yín, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ṣì rọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò gbọ́ ju "ó dàárọ̀" lọ, báwo ló ṣe máa bá ìyá àgbà tí kò gbọ́ Òyìnbó sọ̀rọ̀? Oṣù méjì gbáko la fi ń dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń bínú. Nígbà tí a débẹ̀, ó sáré lọ dì mọ́ wọn ní ìbàdí. Gbogbo agbo ilé dákẹ́. Màmá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn." Ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó fẹ́ fún un ní èèpo iṣu, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè èèpo iṣu. Kí a tó kúrò, Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Orúkọ irú wọn ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó fi pe mọ́tò àlòkù.

Ohun kan tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lórí fóònù ṣáájú ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kì í ya ẹnu mọ́.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn wo ni mo nílò? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ mú káàdì yẹ́lò tó jẹ́rìí sí i dání. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni.

Ní ti ibà ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀ wa kò rántí nǹkan kan mọ́. Agbára tí ara ní láti bá ibà jà máa ń dínkù nígbà tí ẹ̀fọn tó ń gbé e kò bá jẹni fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá ní "èmi tí mo mu omi odò dàgbà" ni ibà ń dá dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì tó bá padà. Ẹ lo oògùn ìdènà, ẹ sì lò ó títí dé ìparí lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dá a dúró nìyẹn.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Èmi lọ ní Kérésì, mi ò sì ní ṣe é mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì gun orí òrùlé, Èkó kún fún àwa tí a wá ṣe fáàjì, ọyẹ́ sì lè fi eruku bo ojú ọ̀run débi tí ọkọ̀ òfurufú kò ní lè balẹ̀. Ẹni tó bá kàn fẹ́ rí ìyá rẹ̀, kó lọ ní oṣù Kejì tàbí lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Àwọn èèyàn á ráyè jókòó tì yín.

Kí ni kí n kó sínú ẹrù?

Báàgì méjì, kílò mẹ́tàlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ẹ ka tiyín. Mo ra aṣọ ìnura, ìpara, ṣokoléètì, bàtà ọmọdé, ọṣẹ tó tó tà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé ọjà Jagun mo rí gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, ọṣẹ kan náà, òórùn kan náà. Nǹkan tí wọ́n dìídì dúpẹ́ lé lórí kò ju mẹ́ta lọ: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú gíláàsì tí mo ṣe fún màmá mi (Bùọ̀dá ti mú wọn lọ yẹ ojú wò, ó sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi), àti fọ́tò. Mo tẹ fọ́tò ọdún mẹ́rìnlá jáde sórí ìwé. Ilé kún fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ fi ọ̀rá di ẹ̀bùn, kí ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ sì di márùn-ún tí kò ní orúkọ, torí ẹnìkan á jáde tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ má pín in lọ́jọ́ tí ẹ dé. Àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, kó sì jẹ́ ẹnì kan nínú ilé ló bá yín pín in, ẹni tó mọ ẹni tó ń bá ẹnìkan jà.

Owó ńkọ́?

Nígbà tí mo kúrò nílé lọ́dún 2009, nǹkan bí náírà 150 ni dọ́là kan. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023 ìjọba jọ̀wọ́ náírà, nígbà tó di ọdún 2024 dọ́là ti kọjá náírà 1,500. Nítorí náà, ẹ má fi iye àtijọ́ tó wà lórí yín ná nǹkan. Ẹ béèrè iye mọ́tò, iye ìrẹsì, iye epo, kí ẹ tó kúrò ní London. Owó tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Àkáǹtì àtijọ́ tí kò ní BVN kò ní ṣí. Ẹ fi owó sí ti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ máa gbà á lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ káàdì sanwó fúnni ládùúgbò. Síìmù náà ń béèrè NIN.

Láti Ìkẹjà, báwo ni mo ṣe máa dé ilé?

Ọkọ̀ òfurufú láti London máa ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ibi tó kù ló gùn. Ẹ má rin ọ̀nà lálẹ́, ẹ jọ̀ọ́, bó ti wù kí ara máa gbóná tó. Ẹ sun Èkó. Èmi sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Agége, a sì wọ rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mi ò mọ rélùwéè yìí rí, oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ṣí i. Ó ti Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà, kìlómítà 157, Agége wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Mọ́níyà wà lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó ti yọ yín kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn kí ẹ tó sọ̀ rárá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà ọdún. Bùọ̀dá mi gbé mọ́tò wá pàdé wa níbẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ máa gbàdúrà fún, torí ojú ọ̀nà àtijọ́ tóóró, àwọn tírélà tó ń lọ sí Òkè Ọya sì pọ̀ níbẹ̀ bí eṣinṣin.

Nígbà tí mo kúrò nílé, mo mọ ibi tí igi máńgòrò kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí a wọ ìlú, Bùọ̀dá ní, "Ó yá, júwe ọ̀nà." Mi ò lè júwe rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bí ìyá mi ò bá dá mi mọ̀ mọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther, lẹ́rú ní Òṣoogùn. Ọmọdé ni. Lọ́dún 1822, ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí lórí òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ó di àlùfáà ní London lọ́dún 1843, ó sì bá àwọn míṣọ́nnárì wá sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìyá rẹ̀, Àfàlà, tọ̀ ọ́ wá. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ìyá òun ń gbọ̀n, pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é ní kékeré.

Wọn ò kó èmi lẹ́rú. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi lọ, fóònù sì wà. Síbẹ̀, nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú màmá mi, wọ́n kọ́kọ́ ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan. Wọ́n ti kúrú. Ọwọ́ wọn fúyẹ́ ní èjìká mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa oríkì yọ, "Àmọ̀kẹ́ o, Àmọ̀kẹ́ ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan", wọn ò sì dúró. Mi ò gbọ́ oríkì mi láti ẹnu ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́rìnlá. Fóònù kì í gbé e dáadáa, ó máa ń já lágbedeméjì.

Ẹ má ya fídíò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yà á, bó bá fẹ́.

Ta ni mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún, ta ló máa kúnlẹ̀ fún mi?

Èyí máa dà yín lójú rú. Àwọn ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, kódà kí wọ́n dàgbà jù yín lọ, ìyá ọkọ ni wọ́n máa pè yín, torí ẹ ti wà nínú ilé kí wọ́n tó dé. Obìnrin kan tó tó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí mi, mo fò dìde bí ẹni tí iná jó. Màmá mi bá mi wí lẹ́yìn: "Jẹ́ kó kí ẹ. Tí o bá kọ̀, ó túmọ̀ sí pé o ò gbà á síléèyí." Yàrá mi àtijọ́ ló ń kó oúnjẹ adìẹ rẹ̀ sí. Mo sùn ní pálọ̀.

Àwọn tó ti kú kí n tó dé ńkọ́?

Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ má baà béèrè ẹnìkan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ilé ìdílé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dé, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ ní "ẹ kú àráfẹ́rakù", kódà bó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mọ́kànlá ni tèmi.

Sàréè bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo kúnlẹ̀, sìmẹ́ńtì gbóná lábẹ́ orúnkún mi. Mo ní, "Ẹ kú ilé, Bàbá." Màmá mi ló dáhùn lẹ́yìn mi: "Wọ́n ní káàbọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?"

Gbogbo èèyàn ló ń tọrọ owó. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tán lọ́jọ́ kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kí wọ́n máa bá Bùọ̀dá sọ ọ́, Bùọ̀dá sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ ọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rò pé à ń ká owó lórí igi. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ilé kún, mo ní ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, alẹ́ ni mo sì sábà máa ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ire ni. Ìwọ lò ń wẹ ìyá oníyàá. Ta ló ń wẹ ìyá tìẹ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé omi kaná, mo sì wẹ màmá mi. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tèmi. Àràárọ̀ ni mo fi ṣe é títí mo fi kúrò. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo lọ ṣe nílé, ìyẹn ni.

Kí ni mo lè gbé padà?

Gàrí àti èlùbọ́ ń wọlé. Ẹran kò gbọ́dọ̀ wọ Bìrìtìkó, pọ̀nmọ́ náà ń jẹ́ ẹran lójú wọn. Wàrà Fúlàní pẹ̀lú, ẹ má dán an wò. Mo rí obìnrin kan tó ń sunkún lórí tiẹ̀ níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ wọn báàgì yín nílé kí ẹ tó lọ sí Ìkẹjà. Màmá mi ti fi èlùbọ́ kún tèmi lóru nígbà tí mo sùn. Kílò mẹ́fà ló fi lé, mo sì sanwó rẹ̀.